Ẹranko Lọ, Orúkọ Kù: Ìrìn-àjò Àwọn Orúkọ Ẹranko Ilẹ̀ Yorùbá

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé wa láìpẹ́ yìí tí ó mú mi ronú títí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ka ìwé ìtàn àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ́ ilé, ó sì nawọ́ sí ẹranko onírun tí ó ń fi èémí fẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ wó. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wo ìkookò." Bàbá mi, tí ó bá àwọn ọdẹ rìn púpọ̀ ní Òkè-Ògùn nígbà èwe rẹ̀, gba ìwé náà, ó wá awò ojú rẹ̀, ó sì wo àwòrán náà dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, ajá ni wọ́n yà síbẹ̀ yìí. Ìkookò tí èmi mọ̀, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga ju ti ẹ̀yìn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, ara rẹ̀ rí tótòtó, eyín rẹ̀ sì ń rún eegun bí ẹni rún ẹ̀pà." Ọmọ náà kò gbà. Ó ní tíṣà àwọn ni ó sọ pé ìkookò ni, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi pé kí n dá ẹjọ́ náà.

N kò lè dá a lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, mo rí i pé kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n dì mú, ṣùgbọ́n ẹranko méjì ni wọ́n ń wò. Ìwé ni ó so orúkọ náà mọ́ ẹranko kejì, nígbà tí ẹranko àkọ́kọ́ sì ń pòórá kúrò nínú igbó, ẹ̀rí bàbá mi di ẹ̀rí ẹnì kan péré. Ohun tí mo fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí lónìí nìyẹn: bí orúkọ àwọn ẹranko wa ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbà, àti ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹranko bá lọ tí orúkọ rẹ̀ sì kù.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí àwọn baba wa ṣe ń sọ ẹranko lórúkọ. Àwọn orúkọ kan wà tí wọ́n ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè tú wọn palẹ̀ mọ́: erin, ẹkùn, ajá, ejò, ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣì ń fi ojú ẹni tí ó sọ wọ́n hàn. Ẹyẹ tí ó ń bá wa gbé nínú ilé ni a pè ní ẹyẹlé. Alángbá kékeré tí ó ń rìn lára ògiri ni a pè ní ọmọńlé, bí ẹni pé ọmọ bíbí inú ilé ni òun náà. Ẹran tí ó ń gbé inú oko àti ìgbẹ́ ni ẹranko. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà, ẹran, ni a fi ń pe ohun tí ó ń rìn lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ohun tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé ọdẹ àti alásè jọ wà níbẹ̀ nígbà tí èdè náà ń fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àfiwé ni ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà. Ẹranko ńlá tí ó ń gbé inú odò, tí ara rẹ̀ nípọn tí kò sì nírun, àwọn baba wa fi wé erin, wọ́n pè é ní erinmi, èyíinì ni erin inú omi. Ẹranko yìí kan náà ni àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ rí nínú odò Náílì tí wọ́n pè ní ẹṣin odò, ìyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì sì jogún tí ó fi ń pè é ní hippopotamus títí di òní. Ẹranko kan náà, odò ni àwọn méjèèjì sì ti rí i, ṣùgbọ́n Gíríìkì rántí ẹṣin, Yorùbá rántí erin. Ohun tí ojú ẹni ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a fi ń wọn ohun tuntun. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tí ó kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì ń bí orúkọ. Erin ni a ń pè ní àjànàkú, ẹkùn ni a sì ń pè ní ọ̀gìdán. Ọmọ tí ó bá gbọ́ àjànàkú láìgbọ́ erin rí lè rò pé ẹranko méjì ni wọ́n. Nínú àlọ́, ahun tí ó wà nínú igbó ni ó di Ìjàpá tàbí Àjàpá ọkọ Yánníbo. Bí ó ti di gbajúmọ̀ nínú àlọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ nínú igbó ń kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lónìí, bí ẹ bá sọ fún ọ̀dọ́ kan nígboro pé ahun ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹranko ni yóò rántí. Ẹni tí ó háwọ́, tí owó kò lè jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni yóò rò pé ẹ ń sọ. Ìwà tí a rí lára ẹranko, tí ó ń fà wọnú ìgbá rẹ̀ tí kò fẹ́ yọ nǹkan síta, ti borí ẹranko náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí orúkọ àjèjì gbà wọlé tọ̀ wá wá ni ọ̀nà òwò. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ìhà àríwá, ní pápá ọ̀dàn, níbi tí ọ̀nà ọjà láti ilẹ̀ Haúsá, Borgu àti Núpé ti ń pàdé. Láti ọ̀nà yìí ni ọ̀rọ̀ bíi ràkúnmí ti wọlé, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ Haúsá, raƙumi. Ràkúnmí kò lè gbé inú igbó kìjikìji, nítorí náà ó wá pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ láti ibi tí ó ti ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò ṣe ń sọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò rí i rí kò ní ohun tí yóò fi wé e.

Ọ̀nà òkun náà mú tirẹ̀ wá. Tòlótòló tí a ń pa nígbà ọdún kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa rárá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìpilẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Áfíríkà tí ó mọ̀ ọ́n kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba òkun Àtìláńtíìkì kọjá ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìró ẹnu rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ jọ, àwọn Haúsá náà sì ń pè é ní talotalo. Pẹ́pẹ́yẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àgbàlá wa, èyí tí ojú rẹ̀ pupa tí ó sì ní kókó lójú, ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà. Lójú wa lónìí, ọmọ onílẹ̀ ni àwọn méjèèjì, orúkọ wọn sì dún bí orúkọ tí ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èyí kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo orúkọ tí ó dún bí ti ilé ni ẹranko rẹ̀ jẹ́ ti ilé.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀nà ìwé, níbẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ìkookò bàbá mi wà. Ní ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ó tún un ṣe ní ọdún 1852. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì, odindi rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1884. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ náà, a kò sì lè dúpẹ́ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìwé tí ó kún fún ẹranko ilẹ̀ Júù àti Síríà ni wọ́n ń túmọ̀ fún àwọn ènìyàn tí kò rí púpọ̀ nínú àwọn ẹranko wọ̀nyẹn rí. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni pé kí wọ́n ya orúkọ náà lò bí ó ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni bíárì ṣe wọ inú Bíbélì Yorùbá, nítorí kò sí ẹranko kankan nínú igbó wa tí ó jọ ọ́. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n wá ẹranko ilé wa tí ìwà rẹ̀ súnmọ́ ti ẹranko inú ìwé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wolf ti ń wọ inú agbo àgùntàn láti pa wọ́n jẹ, wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé, "Kí ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa?" Ìdáhùn tí wọ́n rí ni ìkookò, ẹranko òru tí ó ń wọ inú ọgbà ẹran. Gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ ìwà, ó dára púpọ̀: ẹni tí ó bá gbọ́ pé wòlíì èké dà bí ìkookò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kí òun sá. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ ara, kì í ṣe ẹranko kan náà. Ìkookò tiwa kì í ṣe ìbátan ajá bí wolf ti jẹ́. Ìdílé tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, kódà ó súnmọ́ ìdílé ológbò ju ti ajá lọ.

Fún ìran àkọ́kọ́ tí ó ka Bíbélì náà, kò sí wàhálà. Wọ́n mọ ìkookò, wọ́n sì ń rí i lójú ọkàn wọn bí wọ́n ti ń kà. Ìran tí ó tẹ̀ lé wọn ni ó ṣòro fún. Àwọn wọ̀nyí kò rí ìkookò nínú igbó mọ́, àwòrán tí wọ́n ń rí nínú ìwé àti nínú fíìmù ni ti ẹranko bí ajá tí ó ń gbé inú yìnyín. Díẹ̀díẹ̀, orúkọ náà ṣí kúrò lára ẹranko wa, ó sì bọ́ sára ẹranko àjèjì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ń bá bàbá bàbá rẹ̀ jiyàn.

Ọ̀nà kẹta ni ti àgbáǹréré, ìtàn rẹ̀ sì gùn jù gbogbo wọn lọ. Nínú Bíbélì èdè Hébérù, ẹranko kan wà tí ó lágbára, tí ó ní ìwo, tí a ń pè ní re'em. Àwọn onímọ̀ òde òní gbà pé màlúù igbó ńlá ni, irú èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn kú ní ilẹ̀ Póláńdì ní ọdún 1627. Nígbà tí àwọn Júù ń túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n pe ẹranko yìí ní oníwo kan. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 tẹ̀ lé wọn, ó pè é ní unicorn, ẹranko inú àlọ́ àwọn òyìnbó tí ó dà bí ẹṣin, tí ìwo kan ṣoṣo sì yọ níwájú orí rẹ̀. Nígbà tí ó di ti Yorùbá, àwọn atúmọ̀ wá ẹranko tí ìwo rẹ̀ wà láàárín iwájú tí kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ orí, wọ́n sì yan àgbáǹréré, ẹranko aláwọ̀ líle tí ìwo rẹ̀ wà lórí imú. Báyìí ni màlúù ṣe di ẹṣin àlọ́, tí ẹṣin àlọ́ sì di àgbáǹréré, láìsí ẹnikẹ́ni tí ó parọ́. Olúkúlùkù wọn fi ohun tí ó mọ̀ wọn ohun tí kò rí.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí ẹkùn, nítorí òun ni ó dá àríyànjiyàn tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ ní ọdún àìpẹ́. Ẹkùn tí àwọn baba wa mọ̀, ẹranko onítótòtó ni, ó ń gun igi, ó ń gbé ẹran tí ó pa sórí ẹ̀ka, awọ rẹ̀ sì jẹ́ ohun ọlá fún ọba àti ìjòyè. Ẹranko yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní leopard. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó oníṣòwò tí wọ́n kọ́kọ́ dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń pè é ní tiger, orúkọ yìí sì mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu débi pé ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì àdàlù wa. Tiger gidi kò gbé igbó Áfíríkà rí. Ilẹ̀ Éṣíà ni ó wà, láti Íńdíà títí dé apá ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, ara rẹ̀ sì ní ilà gbọọrọ, kì í ṣe tótòtó. Nígbà tí ilé-ìwé dé, tí àwòrán tiger gidi sì dé pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí wọ́n ti kọ́ pé ẹkùn ni tiger fi orúkọ ẹkùn lé ẹranko abilà náà lórí. Nítorí náà, leopard tí ó ni orúkọ wá di ẹni tí ó ń wá orúkọ kiri nínú ilé ara rẹ̀.

Ibí yìí ni àmọ̀tẹ́kùn ti wọlé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ààbò wọn ní Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àmọ̀tẹ́kùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó ń béèrè pé ẹranko wo ni àmọ̀tẹ́kùn gan-an. Àwọn kan ní leopard ni, àwọn mìíràn ní cheetah ni, àwọn kan tilẹ̀ ní tiger ni. Mo gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà méjì ń fi ọ̀rọ̀ yìí bínú sí ara wọn níbi ìsìnkú.

Èrò tèmi ni pé orúkọ náà ti fúnra rẹ̀ sọ díẹ̀ nínú ìdáhùn fún wa. Bí ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ óò gbọ́ "tó ẹkùn" nínú rẹ̀. Ẹkùn ni òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n. A kì í fi nǹkan wé ara rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó kọ́kọ́ pe orúkọ yìí mọ ẹkùn tẹ́lẹ̀, ó sì rí ẹranko mìíràn tí ó jọ ọ́. Ohun tí ó ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó rí erinmi tí ó sì rántí erin. Nígbà tí ẹkùn di tiger nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé, àyè leopard ṣófo, àmọ̀tẹ́kùn sì bọ́ sí àyè náà. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó fa àríyànjiyàn ọdún 2020. Orúkọ méjì ni ó ti ṣí nípò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta, tí ó kún fún ẹkún, ni ọ̀nà ọkọ̀ ẹrú. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì kò lè gbé ẹran igbó wọn dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orúkọ lọ. Nínú ẹ̀sìn òrìṣà, a kò lè ṣe kí á má pe eku àti ẹja. Ní Kúbà, kò sí òkété, kò sí eku ìgbẹ́ tiwa. Ẹranko tí wọ́n rí níbẹ̀ ni èyí tí àwọn ará Kúbà ń pè ní jutía, tí ó tóbi ju eku lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ sì ń gun igi. Òun ni wọ́n fi rọ́pò, òun ni wọ́n ń yan gbẹ, orúkọ rẹ̀ nínú ìsìn sì ni eku títí di òní. Àjàpá náà di Ayapá lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n Àjàpá tiwa ń gbé orí ilẹ̀, nígbà tí jicotea tí ó gba orúkọ náà ní Kúbà ń gbé inú omi. Àwọn ìtàn rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Lydia Cabrera fi kó wọn jọ sínú odindi ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1971, orúkọ Ayapá sì wà lára èèpo ìwé náà.

Ní Bràsíìlì, igbín ṣì ń jẹ́ igbín nílé òrìṣà, wọ́n sì fún un ní oyè kún un: wọ́n ń pè é ní màlúù Òṣàálá. Ẹfọ̀n, tí ìtàn sọ pé Ọya máa ń gbé awọ rẹ̀ wọ̀, kò sí nínú igbó Bràsíìlì, ṣùgbọ́n ìwo rẹ̀ ṣì wà lára ohun èlò Ọya níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Iansã. Nígbà tí mo bá rántí èyí, ojú máa ń tì mí díẹ̀. Àwọn tí wọ́n já kúrò nínú igbó wọn tipátipá wá ẹranko fún orúkọ kí orúkọ má baà kú. Àwa tí a jókòó sí ẹnu igbó náà ni a ń jẹ́ kí orúkọ ṣí nù lójú wa.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba orúkọ kan tí ìṣípò rẹ̀ ń dun ènìyàn. Akátá jẹ́ orúkọ ẹranko ìgbẹ́ kan tí a kì í sìn nílé. Láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Amẹ́ríkà, orúkọ yìí di ohun tí àwọn kan fi ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí síbẹ̀. Àwọn tí ó ń lò ó máa ń sọ pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ẹni tí a pè ní ẹranko tí kò nílé, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí baba ńlá rẹ̀ ti ilẹ̀ wa yìí wọ ọkọ̀, a ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu tà á lẹ́ẹ̀kejì. Orúkọ ẹranko kì í ṣe ohun ṣeréṣeré bí ó bá ti dé orí ènìyàn.

Àwọn mìíràn dé orí ènìyàn pẹ̀lú ọlá. Ẹdun, ọ̀bọ igbó tí ìrù rẹ̀ gùn, ni a fi ń ki àwọn ìbejì, ó sì wà nínú oríkì wọn títí di òní. Ìyá ìbejì mélòó ni ó ti fojú kan ẹdun rí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹtù, ẹyẹ aláwọ̀ eérú tí ara rẹ̀ ní àmì wínníwínní, tí àwọn mìíràn ń pè ní awó. Àwọn ahunṣọ fi orúkọ rẹ̀ sọ aṣọ òkè aláró dúdú tí ilà wínníwínní wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ ìyàwó ti wọ ẹtù lọ síbi ìgbéyàwó láìmọ̀ pé orúkọ ẹyẹ ni òun gbé sọ́rùn.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ báyìí nìyí. Àwọn ẹranko ń lọ. Kìnnìún tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wa, ibi méjì péré ni àwọn tí ó ka ẹranko ti rí i nínú igbó ní gbogbo Nàìjíríà ní ọgọ́rùn-ún ọdún yìí: ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi, àti Kainji tí ó wà ní ilẹ̀ Borgu, aládùúgbò Ọ̀yọ́ àtijọ́. Àgbáǹréré dúdú irú ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ọdún 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti parun pátápátá, kò sì ní padà wá mọ́. Erin ṣì kù díẹ̀ nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láàárín àwọn agégẹdú àti olóko kòkó. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ ti wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Bí ẹranko bá ti lọ tán, kò sí ohun tí yóò di orúkọ mú nílẹ̀ mọ́. Orúkọ tí kò ní ẹranko dà bí aṣọ tí ó sá sórí okùn: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọjá ni yóò gbé e wọ̀.

Ṣé ó burú kí orúkọ ṣí nípò? Rárá, kò burú nígbà gbogbo. Mo ti fi hàn pé bí èdè ṣe ń gbé ayé nìyẹn. Bí orúkọ kò bá lè ṣí, kò sí bí àwọn ará Kúbà ìbá ti rí eku, kò sì sí bí Crowther ìbá ti rí ọ̀rọ̀ fi túmọ̀. Ohun tí ó burú ni kí orúkọ ṣí kí á má sì mọ̀ pé ó ṣí. Nígbà náà ni ọmọ yóò máa rò pé bàbá àgbà ti ń gbàgbé nǹkan, bàbá àgbà yóò sì máa rò pé ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ ní irọ́, ìmọ̀ tí ó yẹ kí ó ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì yóò sì jábọ́ láàárín wọn.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ìyá tí ó mọ igbó, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ gbé àwòrán ẹranko sí iwájú wọn, ẹ sì béèrè pé, "Kí ni ẹ ń pe èyí nílùú yín?" Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí ohùn ni ó ya ẹtù ẹyẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹtu ẹran ìgbẹ́, òun náà ni ó sì ya ẹfọ̀n oníwo sọ́tọ̀ kúrò lára ẹfọn tí ó ń kùn létí. Bí ará Èkìtì bá pe ẹranko kan ní orúkọ tí ará Ọ̀yọ́ kò mọ̀, ẹ má ṣe sọ pé àṣìṣe ni. Ẹ kọ méjèèjì. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ìkookò, ẹ fi àwòrán méjì hàn án, kí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀kan ni ti igbó wa, ọ̀kan sì ni èyí tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì fi orúkọ náà pè.

Ohun tí mo pàpà ṣe nílé nìyẹn. Mo wá àwòrán ìkookò tiwa, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó wà nínú ìwé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ náà wò ó títí, ó wo ẹ̀yìn tí ó dà gẹ̀rẹ́ àti ara onítótòtó, ó sì yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ ti rí èyí lójúkojú rí?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó sún ìjókòó rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn alẹ́ ọjọ́ kan tí ajá àwọn ọdẹ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dìde, mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹjọ́ ti parí.

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí á gbà pé a rí erin. Ẹ jẹ́ kí á pe é ní orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń kọjá.